Aṣálẹ̀ Gààrí ní Ìsàlẹ̀ Ilé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọmọ ọdún mọ́kànlá gééré, a ní aṣálẹ̀ kan nínú ilé wa. Kò tóbi. Orí pákó pẹlẹbẹ kan ló wà, pákó tí a gbé lé orí tábìlì àtijọ́ ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé, èyí tí gbogbo wa ní PG, àgbègbè kan lẹ́bàá DC nílùú òyìnbó, ń pè ní béésímẹ́ńtì. Bí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi, tí wọ́n sì tọ́ yín dàgbà ní Fort Washington tàbí ní àdúgbò tó sún mọ́ ọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹ ó rántí irú yàrá bẹ́ẹ̀: kápẹ́ẹ̀tì tó máa ń tutù díẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń kùn ní kọ̀rọ̀, fèrèsé kékeré kan lókè ògiri tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé tẹ́ẹ́rẹ́. Bí mo bá pa ojú dé nísinsìnyí, mo ṣì ń gbọ́ òórùn ibẹ̀: òórùn ọṣẹ ìfọṣọ, ti iṣu inú páálí, àti ti ọ̀dà tí kò tí ì gbẹ.

Ibẹ̀ náà ni Bọ̀dá Súnkànmí ń gbé, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ọmọ ìlú kan náà ni òun àti Dádì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹbí wa. Ó ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ sẹ́kúrítì ní òpin ọ̀sẹ̀. Ara ilé ni a kà á sí. Bí ó bá ti wọlé, kíṣìnì ló ń kọ́kọ́ yà sí. Á ṣí ìkòkò wò, á sì sọ fún Mọ́mì pé ọbẹ̀ náà ń pe orúkọ òun láti ìta. Mọ́mì á ní kó sọ fún ọbẹ̀ náà pé òun kò tí ì fi iyọ̀ sí i.

Òun ló mú eré tí a ń ta lórí pákó náà wá. Ó ra ìwé òfin rẹ̀, ìwé pélébé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò kan tí wọ́n pàtẹ ẹrù àlòkù síwájú ilé wọn. Ọkọ̀ kéékèèké tí a fi irin ṣe la fi ń ta á, irú èyí tí ọmọdé lè pa àtẹ́lẹwọ́ dé mọ́. A ṣe ìbọn sí orí wọn pẹ̀lú ọ̀pá inú bíró àti píìnì. Bí ó bá kàn ọ́, wàá ju dáìsì, wàá fi rúlà wọn bí ọkọ̀ rẹ yóò ṣe lọ jìnnà tó, wàá sì tì í débẹ̀. Bí eré rẹ bá pọ̀ jù níbi kọ́nà, ọkọ̀ rẹ á yọ̀, bóyá kó ṣubú sínú odò orí pákó. Bí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá bọ́ síwájú ìbọn rẹ, o lè yìn ín. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní páálí kékeré tí a ya àpótí mẹ́wàá sí. Wọn á fa ìlà sínú àpótí kan fún gbogbo ìbọn tó bá bà á, bí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá sì ti kún, ọkọ̀ náà ti jóná nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìbọn dẹ́rù bà yín. Mi ò tí ì rí eré tó ní sùúrù tó èyí. Ìbọn kan ṣoṣo lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí gbogbo wa á tẹ̀ ba lórí rúlà, a ò ní mí, ojú wa á bá ilẹ̀ tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe dọ́gba. Bí o bá gbé àgbọ̀n lé etí pákó náà, tí o sì wò ó pẹ́, àwọn òkè á ga, ọ̀nà á gùn, ìwọ náà á sì di ẹni tó kéré tó láti rìn níbẹ̀. Àwọn ilé tó wà níbẹ̀, páálí mílíìkì ni. Àwọn òkè jẹ́ fóòmù funfun tó bá tẹlifíṣàn wá nínú páálí rẹ̀. Kànrìnkàn tí a gé wẹ́wẹ́, tí a rẹ sínú ọ̀dà àwọ̀ ewé, ni igi inú igbó wa.

Dèjì, àbúrò mi, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, eré ló ń fi ọkọ̀ tirẹ̀ sá ṣáá. Kò sí ọjọ́ tí ọkọ̀ náà kì í já bọ́ sí orí kápẹ́ẹ̀tì. Bọ̀dá Súnkànmí á bi í bóyá ó ti sọ fún àwọn èrò inú ọkọ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n máa gbàdúrà. Èmi ní tèmi, mo máa ń rọra wakọ̀ jù. Bí mo bá ti ń wọn ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, á fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tí ìyá arúgbó dí lọ́nà, á ní, "Màmá Ìjọ, ẹ jọ̀ọ́ mà, iná ojú títì ti fún wa láyè o." Dèjì á rẹ́rìn-ín títí tí dáìsì á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni ilẹ̀ wa kò ní. Nínú ìwé òfin náà, àwòrán aṣálẹ̀ kan wà níbẹ̀, iyanrìn lọ súà, ọkọ̀ méjì sì ń sáré lójú rẹ̀ bí ẹni pé inú àlá ni wọ́n wà. Aṣálẹ̀ yẹn wù mí ju ohunkóhun lọ.

Ní ọjọ́ Fúráìdeè kan nígbà òtútù, wọ́n ti ilé ìwé pa nítorí yìnyín. Dádì ti lọ síṣẹ́ ní DC. Mọ́mì, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti iṣẹ́ òru dé, ó sì ń sùn. Bọ̀dá Súnkànmí ti lọ síbi iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀, kò ní dé títí di Sọ́ńdè. Ìta funfun báláú, iyanrìn tó wà lẹ́yìn ilé ti dì mọ́ ilẹ̀ gbagidi. Èmi àti Dèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó jọ iyanrìn káàkiri ìsàlẹ̀ ilé. Ní orí pẹpẹ tó ga jù, lẹ́yìn àwọn páálí, mo rí agolo bisikíìtì kan. Gààrí ló kún ìdajì rẹ̀, ó kúnná, ó funfun, ó sì ń ta òórùn kíkan díẹ̀. Dádì ti lẹ bébà mọ́ ọn lára, ó fi lẹ́tà ńlá kọ ọ̀rọ̀ méjì sí i: TI IYA.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́, láìsí àmì kankan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé Yorùbá, ẹ má fi mí ṣẹ̀rín. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kàwé, a kò sì pe ìyá bàbá wa ní Ìyá rí, Màmá Ìjẹ̀bú ni a ń pè é. Ọ̀rọ̀ tó jọ èyí tí etí mi mọ̀ jù lọ ni èyí tí Mọ́mì máa ń sọ bí a bá da omi sí kápẹ́ẹ̀tì: ìyà á jẹ yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Bọ̀dá Súnkànmí ti sọ ìtàn fún wa lọ́pọ̀ ìgbà nípa gààrí tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun mu nígbà ìyà, nígbà tí wọ́n wà ní ilé ìwé ní Ìbàdàn, tí kò sí ṣúgà, tí kò sí ẹ̀pà. Mo wá ṣàlàyé fún Dèjì bí olùkọ́ pé gààrí ìyà nìyí, gààrí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Dèjì ní kí ló dé tí Dádì fi pa á mọ́. Mo ní bóyá ó gbàgbé láti dà á nù ni.

A fi búrọ́ọ̀ṣì ra gọ́ọ̀mù sí ìdajì pákó náà, a sì fọ́n gààrí lé e lórí títí agolo fi gbẹ, a dé e, a sì dá a padà sórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà a po gọ́ọ̀mù mọ́ omi, a wọ́n ọn sórí rẹ̀ kó lè dì dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí. Ìwé náà kò mọ gààrí. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé, aṣálẹ̀ wa ti dàgbà. Ó ti wú. Àwọn òkè kéékèèké ti yọ níbi tí a kò fi òkè sí, etídò ti ga, ilé kan tí a kọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà ti rì dé ojú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara yìnyín wọlé gba fèrèsé bà á, gbogbo rẹ̀ sì ń dán. Dèjì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá ó ń mí. A kùn ún ní ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀, a fi àwọ̀ òféèfèé díẹ̀ sí i níbi tí oòrùn yóò máa wọ̀. Mi ò rò pé mo ti ṣe ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, Dádì mú abọ́ tánganran kékeré kan, ó sì lọ sí ìsàlẹ̀ ilé bí ó ti máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé. Àwa mọ̀ pé á padà wá pẹ̀lú gààrí ẹ̀kúnwọ́ kan, á bu omi tútù sí i, á jókòó nìkan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, a kò sì gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí á fi mu ún tán. A ò mọ inú agolo tó ti ń bù ú. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbé abọ́ náà gòkè wá lófìfo. Ó gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì sọ fún Mọ́mì pé, "Gààrí ìyá mi ti tán."

Màmá Ìjẹ̀bú ti kú ní àkókò òjò tó ṣáájú. Ìwé ìgbélùú Dádì wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà. Bí ó bá jáde, kò dájú pé wọ́n á jẹ́ kó wọlé padà, nítorí náà kò lè lọ sin ín. Ẹnì kan tó ń bọ̀ láti ilé ló mú gààrí yẹn wá. Ìyá náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan án, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó kú. Mo ti mọ gbogbo èyí. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé òun ló wà nínú agolo náà. Ibẹ̀ ni mo ti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti yẹ kí n kà á.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní lẹ́yìn oúnjẹ ni màá sọ ọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo ní ó di ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní Sọ́ńdè, Mọ́mì ti parí ìwádìí tirẹ̀. Ta ló ń gbé ìsàlẹ̀ ilé? Ta ló fẹ́ràn gààrí bí ẹni pé wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ lọ́mọdé? Bí Bọ̀dá Súnkànmí ti wọlé láti ibi iṣẹ́, tó yà sí kíṣìnì, Mọ́mì kò yíjú sí i. Ìkòkò ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Eku ilé yìí mà kàwé o," ó ní. "Ó ń ṣí agolo, ó tún ń dé e padà."

Bọ̀dá Súnkànmí rẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ ohun tó ń lọ. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó yí padà kúrò ní kíṣìnì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá wa nídìí pákó. Ó dúró pẹ́ níwájú aṣálẹ̀ náà. Ó tẹ orí ba, ó fi imú sún mọ́ ọn, ó wò mí, ó sì ní ọ̀dà náà dára, pé ta ló kùn ún. Mo ní èmi ni. Ó ní ẹ kú iṣẹ́, Màmá Ìjọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Dádì kò bá Bọ̀dá Súnkànmí jà, kò sì fi ẹ̀sùn kàn án. Ó kàn ń dá a lóhùn ní ṣókí ni. Bí ó bá kí i pé ẹ káàárọ̀ sà, Dádì á ní káàárọ̀, á sì máa wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ Bọ̀dá Súnkànmí sọ́tọ̀ sínú abọ́ kan, á bò ó, bí ẹni ń bu oúnjẹ fún àlejò, kó má baà sí ìdí fún un láti ṣí ìkòkò. Mo rí gbogbo rẹ̀. Bí Dèjì bá fẹ́ la ẹnu, mo máa ń já a ní èékánná lábẹ́ tábìlì. Orúkọ rere ẹnì kan ń bàjẹ́ lójú mi lójoojúmọ́, èmi ni mo sì ní ọ̀rọ̀ tó lè tún un ṣe. Mo tún ń dúró de àkókò tó wọ̀.

Ní Sátidé kejì, Bọ̀dá Súnkànmí gba àyè níbi iṣẹ́ kí ó lè bá wa ta eré náà. Yìnyín ti ń yọ́, omi ń kán sílẹ̀ láti orí òrùlé, tó, tó, tó, bí ẹni ń ka nǹkan. A ti ta á fún bíi wákàtí kan. Ọkọ̀ Dèjì ti jóná. Ọkọ̀ Bọ̀dá Súnkànmí wọ inú aṣálẹ̀, ó ń gba àárín àwọn òkè gààrí náà lọ díẹ̀díẹ̀, mo sì ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Ó fi rúlà lélẹ̀. Láìgbé ojú sókè, ó ní kí a ta eléyìí dáadáa o, nítorí òun ti rí yàrá kan ní Hillcrest Heights, òun á sì kó lọ ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀.

Ó ti kàn mí. Ọkọ̀ rẹ̀ wà níwájú ìbọn mi gan-an. Mo mú dáìsì. Mo gbé e kalẹ̀, mo gun àtẹ̀gùn lọ sí pálọ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú Dádì tó ń ka ìwé ìròyìn, mo sì sọ ọ́, láti orí agolo títí dé orí búrọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún un pé ìyà ni mo ka ọ̀rọ̀ tó kọ sára agolo sí.

Dádì bá mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, Mọ́mì sì tẹ̀ lé wa. Mo rò pé yóò gbá pákó náà dànù. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó sì gbé àgbọ̀n lé etí pákó bí àwa náà ti ń ṣe. Ó fi ìka kan ilẹ̀ náà. "Kì í ṣe ìyà," ó ní. "Ìyá. Ìyá mi ni."

Lẹ́yìn náà ó mú ọkọ̀ kan, kò béèrè dáìsì, kò béèrè rúlà. Ó tì í láti etí pákó kan, ó rọra ń gba inú aṣálẹ̀ náà kọjá. Bí ó ti ń lọ, ó ń dárúkọ àwọn ìlú ojú ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ lábẹ́ ohùn, bí ẹni tó jókòó sí iwájú ọkọ̀, tó ń wo ìta: Ṣágámù. Odógbolú. Ìjẹ̀bú-Òde. Ó dúró díẹ̀ ní ibì kan tí kò dárúkọ, lẹ́yìn òkè tó ga jù. Ẹ̀rọ ìfọṣọ dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì dìde.

Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n bẹ Bọ̀dá Súnkànmí. Mo bẹ̀ ẹ́. Bọ̀dá Súnkànmí fà mí dìde, ó ní òun ti mọ̀ láti Sọ́ńdè, pé kò sí ọ̀dà tó lè bo òórùn gààrí Ìjẹ̀bú mọ́ òun nímú. Ó ní òun ń retí kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ ni. Nígbà náà ni Dádì yíjú sí i. Ó ní kó dákun, kó má lọ mọ́, pé àwọn ti ṣì í rò.

"Ẹ ò bi mí, sà," ni Bọ̀dá Súnkànmí fèsì. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Ká ní ẹ bi mí ni."

Mọ́mì fi etí ìró nu ojú. Ọjọ́bọ̀ ni Bọ̀dá Súnkànmí ti fọwọ́ sí ìwé yàrá náà, ọjọ́ méjì péré ṣáájú kí n tó sọ̀rọ̀. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, a bá a kó ẹrù sínú ọkọ̀. Ìyà tèmi ni pé kí n kọ ìyá àti ìyà, pẹ̀lú àmì orí wọn, ní igba ìgbà sínú ìwé, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń kọ́ bí a ṣe ń kọ èdè yìí. Mo fi ayọ̀ kọ ọ́, nítorí mo rò pé bí mo bá ti kọ ọ́ tán, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ kò parí. Bọ̀dá Súnkànmí wá kí wa nígbà Kérésìmesì tó tẹ̀ lé e, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá, ó jókòó sí etí àga ní pálọ̀, ó ń dáhùn ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò yà sí kíṣìnì. Nígbà tí òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó béèrè lọ́wọ́ Mọ́mì bóyá òun lè rí omi mu.

Lóde òní, àwọn ọmọ Dèjì náà ń ta eré ọkọ̀. Orí fóònù ni tiwọn. Aṣálẹ̀ inú rẹ̀ dára ju tiwa lọ fíìfíì. Iyanrìn rẹ̀ ń fẹ́, oòrùn rẹ̀ sì ń wọ̀. Bí wọ́n bá ta á tán, wọ́n á pa á, kò sì ní sí nǹkan kan tó dín nínú ilé. N kò bú u, nítorí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé fún ogún ọdún, mo sì mọ̀ pé gbogbo ìran ló ní eré tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, gbogbo ohun tí a bá fi ṣeré ló ní ẹni tó ni ín, bí a bá sì bà á jẹ́, ojú ẹni náà la ó máa wò nídìí oúnjẹ. Nígbà tiwa pẹ̀lú, kò sí béésímẹ́ńtì tí ẹnì kan kò wọ̀ sí nínú rẹ̀. Nísinsìnyí, tẹlifíṣàn ńlá ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi kọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀ nínú èyí, kí ẹ sì fi kọ́ àwọn ọmọ yín. Bí nǹkan bá sọnù nínú ilé, ẹ bi ẹni tí ẹ fura sí léèrè lójúkojú, kó lè rí ẹnu fi dáhùn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí nǹkan náà wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí ìjókòó yín, kí ẹ lọ sọ ọ́ lónìí.